“Alárinà” ló yẹ ká pe tracker, kì í ṣe “olùtọpa”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àbá mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aládàáni tí wọ́n ń fi BitTorrent pín fáìlì láàárín ara wọn: “olùtọpa” fún tracker (sáfà tó ń fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ara wọn), “olè” fún leecher (ẹni tó ṣì ń gba fáìlì), “ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé” fún passkey (àmì tí tracker fi ń dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀), àti “èrú” fún gbogbo ìwà àìtọ́ tó wà níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan. Kì í ṣe pé wọn ò dùn létí o. Ẹni tó bá fi wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà ni yóò ṣi ibi tí ewu wà mọ̀.

Ẹni tó ń tọpa èèyàn a máa rí ohun tí onítọ̀hún ń ṣe. Tracker ò rí i. Láti ìgbà tí Bram Cohen ti gbé BitTorrent jáde ní 2001, áàpù ọmọ ẹgbẹ́ ló ń ránṣẹ́ sí tracker, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra: fáìlì báyìí ni mo ń wá, mo ti fún àwọn ẹlòmíràn ní báyìí, mo ti gbà báyìí, ó ku báyìí. Tracker á wá kó àdírẹ́sì àwọn tó ní fáìlì náà lọ́wọ́ ránṣẹ́ padà sí i, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Fáìlì gan-an kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ojú bá ti mọjú tán, alárinà a yẹ̀ba. Orúkọ tó yẹ ẹ́ nìyẹn, òun ló sì ṣàlàyé ìdí tí màgòmágó fi ṣeé ṣe fún ẹni tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ rò pé ohun tí òun fún pọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ: alárinà ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, ohun tí kálukú bá sọ ló ń kọ sílẹ̀. Bí áàpù tí wọ́n ti yí padà bá ní òun fún èèyàn ní 40 GB nígbà tí kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, 40 GB náà ló máa wọ ìwé.

Ìṣirò ni àwọn alábòójútó fi ń mú wọn. Bí èèyàn mẹ́ta péré bá gba fáìlì 4 GB tán, 12 GB ni àpapọ̀ ohun tí wọ́n gbà. Ẹni tó bá ní òun nìkan fún wọn ní 30 GB ti pa irọ́. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí pé ègé tó bá bàjẹ́ lọ́nà máa ń di àtúnfiránṣẹ́, ẹlòmíràn sì lè pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó jábọ̀ ìkẹyìn. Wọ́n tún ń wo ẹni tó ń “fúnni” nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbà, àti áàpù tó ń jẹ́ orúkọ kan nínú peer_id, tó tún ń jẹ́ òmíràn nínú User-Agent (ibi méjì tí áàpù ti ń sọ orúkọ rẹ̀ fún tracker). Èyí tó le jù ni ti ẹni méjì tó di rìkíṣí: ọ̀kan ní òun fún, èkejì ní òun gbà, ìṣirò sì bára mu. Bí fáìlì náà bá wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ kì í ka gbígbà wọn síni lọ́rùn, kò ná èkejì ní kọ́bọ̀.

Alárinà tó yẹ̀ba ṣì ń tọ́jú ìwé o. Ìméèlì, àdírẹ́sì IP, ohun tí kálukú gbà, gbogbo rẹ̀ wà ní sáfà. Nígbà tí àwọn agbófinró ilẹ̀ Faransé gbẹ́sẹ̀ lé sáfà What.CD, ẹgbẹ́ aládàáni tó ń pín orin, ní oṣù kọkànlá 2016, ohun tí àwọn alábòójútó rẹ̀ sáré kéde ni pé àwọn ti pa gbogbo àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́.

“Olè” burú jù. Lóòótọ́, eṣúṣú ni Gẹ̀ẹ́sì ń bú níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú BitTorrent, leecher ni ẹnikẹ́ni tí fáìlì rẹ̀ kò tíì pé, òun náà sì ń fún ẹlòmíràn ní ègé tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Agbàtán” ni kí á pe seeder, ẹni tí fáìlì tirẹ̀ ti pé tó ń fún ẹlòmíràn, kí èkejì jẹ́ “àìgbàtán”. (Ẹ má wulẹ̀ fi òwe àgbàtán ọ̀lẹ dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.)

Ní ti passkey, bí a bá pè é ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, olúwarẹ̀ á rò pé orí òun ló wà. Inú fáìlì .torrent, fáìlì kékeré tí áàpù fi ń mọ ohun tó fẹ́ gbà àti alárinà tó máa kàn sí, ló wà, lára àdírẹ́sì alárinà, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó sábà máa ń jẹ́ 32. Ẹni tí o bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí lè fi orúkọ rẹ gbà, kí gbèsè rẹ̀ sì já lé ọ lórí. Bí ó bá ti jáde, lọ sí ojú ìwé àkáǹtì rẹ kí o gba tuntun, kí o sì pààrọ̀ àdírẹ́sì náà nínú gbogbo fáìlì tó wà nínú áàpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. “Kọ́kọ́rọ́ inú fáìlì” ni mo dábàá. Passkey tí Google àti Apple ń lò báyìí, èyí tí a fi ń wọlé sí àkáǹtì láìtẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, nǹkan mìíràn ni, torí náà ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ bo méjèèjì.

“Èrú” fẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí “màgòmágó” dúró fún irọ́ inú ìṣirò, kí “jìbìtì” jẹ́ ti àwọn tó ń ta ìwé ìpè tí a fi ń wọ ẹgbẹ́: olùtà lè fi ìméèlì àkọ́kọ́ gba àkáǹtì padà, bí àṣírí bá sì tú, wọ́n lè lé ẹni tó pè wá àti gbogbo ẹni tí a pè. “Ayédèrú” ni fáìlì tí kì í ṣe ohun tó pe ara rẹ̀. Hash, nọ́ńbà tí áàpù ń ṣírò láti ara fáìlì kó lè mọ̀ bóyá ó pé, ò lè gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé fáìlì náà rí bí ẹni tó gbé e wá ṣe ṣe é, ẹni náà ìbáà jẹ́ ọ̀daràn. Windows sì máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́ bí a ò bá yí i padà, tí “fíìmù.mp4.exe” á fi hàn bíi “fíìmù.mp4”.

Ó ku ratio, ìyẹn bí ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ fún ṣe tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó gbà. “Ìpín” tí àwọn kan ń sọ ò bá a mu, torí ohun tó kan èèyàn ni ìpín. “Ìwọ̀n fífún sí gbígbà” gùn, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó kúrú tí kò ní ṣini lọ́nà. Ta ló ní òmíràn?