Ṣé tífọ́ìdì náà ni èyí, àbí nǹkan mìíràn?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Oṣù karùn-ún rèé tí Màmá mi ti ń ṣu gbuuru. Ìgbẹ́ náà funfun bí ògì, ó ń léfòó bíi pé wọ́n da òróró sí i, omi kì í gbé e lọ bọ̀rọ̀. Ìró tó ń mú wọn tẹ́lẹ̀ ti ń yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe wíìdà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tífọ́ìdì, ní láàbù àdúgbò, tífọ́ìdì ni wọ́n ń pè é, abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́. Ó ti sú mi.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ lọ bá àwọn eléwé ọmọ ní Bẹẹrẹ.

Bàbá Ìlérí: Àgbo kẹ̀! Ti àbúrò mi, dókítà kan ti ní Crohn ni, àìsàn tó ń jẹ́ kí ìfun wú kó sì dá egbò, ó fẹ́ kọ steroid, oògùn tó ń dín agbára ara láti bá kòkòrò àìsàn jà kù, fún un. Ẹlòmíì ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé bíńtín nínú ìfun náà wò. Ikọ́ ife inú ìfun ni wọ́n bá níbẹ̀! Àìsàn méjèèjì fẹ́ràn ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, steroid ì bá sì ti jẹ́ kí ikọ́ ife náà gbilẹ̀. Oògùn oṣù mẹ́fà ló lò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọmọ mi, wíìdà lè ní tífọ́ìdì wà lára ẹni tó ti ní in rí, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò fún aràn àti giardia, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n yẹ HIV wò, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún celiac, àìsàn tí oúnjẹ tí wọ́n fi wíìtì ṣe fi ń ba ìfun kékeré jẹ́. Kí Màmá má tíì jáwọ́ nínú búrẹ́dì àti sẹ̀mó kó tó di pé wọ́n ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè fi àìsàn náà pa mọ́. Ṣùgbọ́n o ò sọ oògùn tí wọ́n ń lò.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, mà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Èwo nínú wọn? Ka ohun tó wà lára páálí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ó wà nínú báàgì wọn. Olmesartan. Ó ti lé lọ́dún méjì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ̀n-ẹ́n! Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n oògùn yìí lè ba àwọn irun wíníwíní tó ń fa oúnjẹ nínú ìfun kékeré jẹ́, kó dà bíi celiac gẹ́lẹ́. Ó lè pẹ́ lọ́dún kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2013 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀. Má dá a dúró fúnra rẹ o, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ló máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè oògùn rí, mà. Ilé ìwòsàn UCH ni mò ń gbé wọn lọ lọ́jọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Mú páálí náà dání, àti gbogbo èsì wíìdà yẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ o. Mo ti gbé àgbo mi padà.