Òòrẹ̀ òkun tó di òkúta: orúkọ kan ò kájú ẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo fara mọ́ “òòrẹ̀ òkun” tí àwọn kan dábàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún ẹranko ẹlẹ́gùn-ún ìsàlẹ̀ òkun (sea urchin). “Akúdòkúta” náà dára fún ohun ẹlẹ́mìí tó kú, tó sì di òkúta. Ibi tí mo ti yà kúrò ni pé wọ́n fẹ́ kí “akúdòkúta òòrẹ̀ òkun” dúró fún gbogbo èyí tí èèyàn bá wà jáde. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Bí ẹranko yìí bá kú, ẹran ara tó di ẹ̀gún mú á jẹrà, ẹ̀gún á tú ká. Ìkarahun ló máa ń ṣẹ́ kù. Ìlà ẹsẹ̀ márùn-ún gba ara rẹ̀ kọjá láti òkè dé ibi ẹnu, pẹ̀lú àwọn ihò wínníwínní tó jókòó ní méjì-méjì, níbi tí ẹsẹ̀ rírọ̀ rẹ̀ ti ń yọ jáde.

Bó bá jẹ́ ìkarahun yẹn gan-an lo rí, mo ní ká pè é ní “ìkarahun-dòkúta”. Ọ̀bẹ máa ń há a. Ojú ibi tó ti kán máa ń tẹ́jú, á sì máa dán bíi dígí, torí pé kírísítà (crystal) kan ṣoṣo ni awẹ́ ìkarahun kọ̀ọ̀kan. Àmì yìí ṣeé gbára lé, kódà lórí àfọ́kù tí kò ju èékánná lọ. Ẹ má fi fínígà fọ̀ ọ́ o! Ohun kan náà ni òun àti òkúta ẹfun tó yí i ká, fínígà á jẹ méjèèjì. Omi, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti igi tí a gbẹ́ ṣónṣó ti tó.

Èkejì ni mo pè ní “ìkúnnú”: ohun tó kún inú ìkarahun, tó le, kí ìkarahun tó yọ́ dànù. Ó lè jẹ́ akọ òkúta, tí ọ̀bẹ kò lè há. Lára rẹ̀, ihò wínníwínní á di kókó tó yọ síta. Kò sí àmì ìdí ẹ̀gún níbẹ̀, nítorí ojú ìta ìkarahun nìyẹn máa ń wà. Ẹni tó bá ń wá a lára ìkúnnú á fún un lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, “ojú àpá”, ni kòtò tí ojú ìta ìkarahun tẹ̀ sára òkúta. Ẹ fi amọ̀ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Ẹnìkan tún ní ká pe ìsàlẹ̀ ẹranko yìí ní “ìdí”. Èyí gan-an ló máa da nǹkan rú. Ẹ wo irú òòrẹ̀ òkun mẹ́rin. Ní Cidaris, ẹnu wà láàárín ìsàlẹ̀, ihò ìgbẹ́ wà lókè téńté. Ní Conulus, ẹnu wà láàárín ìsàlẹ̀, ihò ìgbẹ́ wà létí. Ní Echinocorys, méjèèjì wà nísàlẹ̀. Micraster rí bí ọkàn, ẹnu rẹ̀ sún mọ́ iwájú nísàlẹ̀, ihò ìgbẹ́ wà lẹ́yìn. Ibi tí ihò méjèèjì wà la kọ́kọ́ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, “ojú òkè” àti “ojú ilẹ̀” ni kí á máa lò fún ara rẹ̀, ká sì pe ihò tí ìgbẹ́ ń gbà jáde ní ihò ìgbẹ́.

Fún àwa tí a wà l’Óṣogbo, òkúta tó wà lábẹ́ ìlú wa àti lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun ti wà kí òòrẹ̀ òkun kankan tó wà láyé. Ẹ má wá a níbẹ̀. Òkúta ẹfun Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì, ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ó ti tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún, òkun ló sì tò ó jọ. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àlejò dé, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wà á àti ìpele òkúta tó ti jáde, kí ẹ kọ ọ́ sára pálí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. “Ìpele” ni mo fẹ́ ká gbà fún èyí, kì í ṣe “ilẹ̀”, torí pé ilẹ̀ kan náà lè ní ìpele púpọ̀, ọjọ́ orí wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan.