Kí ni wọ́n ń pè ní "spurts" nínú rìpọ́ọ̀tì ọmọ mi?

Bàbá Tóbi: Ẹ kú ilé o. Rìpọ́ọ̀tì ọmọ mi tó wà ní JS 2 dé lánàá. Tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ pé "He works in spurts". Ojú mi kà á sí "sports", ni mo bá ṣèlérí bàtà bọ́ọ̀lù fún un. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n wọ awò kí n tún un kà. Ṣé wọ́n yìn ín ni àbí wọ́n bú u?

Ìyá Àdùnní: Ẹ̀rín pa mí, sà. Tóbi ò ní gbàgbé bàtà yẹn o.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì: Wọn ò bú u, sà, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yìn ín. Ẹ fi ìka dí ẹnu họ́ọ̀sì, kí ẹ wá ṣí i lójijì. Bí omi ṣe máa tú jáde ṣàà yẹn ni "spurt". Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ "in spurts" dà bí iná koríko gbígbẹ. Á kàwé bí ẹni máa kú fún ọjọ́ mẹ́ta, á wá pa ìwé tì fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá Tóbi: Háà, òun gan-an lẹ júwe yẹn! Àmọ́ wọ́n tún ní ó wà ní "growth spurt". Ṣé àìsàn ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Rárá o, sà. Ìgbà tí ọmọ ń ga kíákíá ni. Ọmọbìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọdún 10 tàbí 11, ọkùnrin á tẹ̀lé e ní bí ọdún méjì sí i. Ṣòkòtò èṣí á ti dé agbede ojúgun, oúnjẹ ò sì ní tó o. Ìkókó náà ń ní tiẹ̀, á máa mu ọmú ṣáá fún ọjọ́ mélòó kan.

Abíọ́dún: Ṣé kì í ṣe "burst" náà nìyẹn?

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì: Wọ́n súnmọ́ra ni. Táyà máa ń "burst", kì í "spurt". Ẹni tó bú sẹ́kún náà, "burst into tears" ni. Sárésáré tó tú eré sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin ló "spurt". Ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pe "hurt", sà, kó má baà tún di "sports".

Bàbá Tóbi: Mo gbọ́. Bàtà wá ńkọ́?

Ìyá Àdùnní: Ẹ rà á, àmọ́ kó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀.