Ọmọ SS3 ní Ṣàgámù, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀: báwo ló ṣe lè dé básíkẹ́ẹ̀tì fásitì Amẹ́ríkà?

Ará Ṣàgámù:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe WAEC lọ́dún yìí. Ẹnìkan ní ká mú mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà wá, òun á bá a wá sìkọ́láṣíìpù ní Amẹ́ríkà, látibẹ̀ ó di NBA. Bàbá wa ní tirẹ̀ fẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó sílé fún ọdún méjì, kó máa gbá líìgì ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ara rẹ̀ lè le. Èwo ni ká ṣe?

Kóòṣì Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Fásitì tó bá fẹ́ ọmọ yín ló máa kọ lẹ́tà, á sì sọ iye tí òun á san.

Ọdún méjì tí Bàbá sọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní Division I, ipele tó ga jù ní NCAA (àjọ tó ń darí eré ìdárayá fásitì Amẹ́ríkà), ọdún kan péré ni wọ́n fàyè gbà lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde SS3. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdíje tó bá ní jẹ́sì àti rẹfirí, tí wọ́n ń ka góòlù rẹ̀ sílẹ̀, á máa jẹ nínú iye sáà tó lè gbá ní fásitì. Kí ara le o, àmọ́ kó máa le nígbà tó bá ti wọlé.

Ẹ lọ gba ìwé báyìí. NCAA Eligibility Center, ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé ọmọ wò, ń béèrè èsì láti JSS3 dé SS3. WAEC nìkan kò tó. Kọ́ọ̀sì 16 ni wọ́n ń kà, ọdún kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́rin, ìṣirò mẹ́ta, sáyẹ́ǹsì méjì, àtàwọn yòókù, máàkì rẹ̀ (GPA) kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 2.3 nínú 4.0. Láti 2023 NCAA kò béèrè SAT, ìdánwò ìgbàwọlé Amẹ́ríkà, mọ́, ṣùgbọ́n fásitì fúnra rẹ̀ lè béèrè. Èsì JSS3 ló máa ń fa ọ̀pọ̀ sẹ́yìn: nígbà mìíràn ikán ti jẹ ìwé náà ní ọ́fíìsì pírínsípà. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí NIN, WAEC àti páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ẹ bá ti gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù rí nítorí bọ́ọ̀lù, wàhálà ti wà nílẹ̀.

Ìyá Ìkẹ́nẹ́:
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ yẹn, ṣé pẹ̀lú bàtà ni? Kó bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ lé e lórí, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì. Kó wá na apá méjèèjì, ẹ wọn láti ìka àárín kan dé èkejì. Kóòṣì máa ń bèèrè ìyẹn náà. Ẹ má fi ínǹṣì kankan bù sí i.

Fídíò: odindi ìdíje méjì, ẹ gbé fóònù sókè ní àárín kóòtù, kí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Dunk (kí ó fò, kó fọwọ́ ti bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n) kò wú wọn lórí tó bó ṣe ń sáré padà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí máàkì kò bá tó, NJCAA wà, àjọ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ó lè tibẹ̀ bọ́ sí Division I. Division III, ipele kẹta NCAA, kì í fúnni ní sìkọ́láṣíìpù nítorí bọ́ọ̀lù rárá.

Alágbọ̀n Rẹ́mọ:
Nǹkan bí ọmọ 60 ni àwọn ẹgbẹ́ NBA ń mú lọ́dún ní draft, níbi tí wọ́n ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ipò-ipò. Fásitì Division I ju 350 lọ. Olajuwon kúrò l'Ékòó, ó gbá sáà mẹ́ta fún fásitì Houston kó tó ṣe ipò kìíní ní 1984. Ní 2020, Precious Achiuwa fi ọdún kan péré ní Memphis gba ipò 20. Udoka Azubuike lo mẹ́rin ní Kansas, ó gba ipò 27. Olumide Oyedeji ọmọ Ìbàdàn kò tilẹ̀ gba fásitì wọn kọjá, Jámánì ló wà kí Seattle, ẹgbẹ́ NBA nígbà náà, tó mú un ní 2000. Yúróòpù tàbí BAL (líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà) ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹun, nítorí náà kó yan kọ́ọ̀sì tó nítumọ̀.

Ní ti físà: fásitì á fi I-20, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè físà akẹ́kọ̀ọ́, ránṣẹ́, ẹ ó san $350 fún SEVIS (àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè) fúnra yín, kó tó kan ẹ́ḿbásì. Òfin físà fún ọmọ Nàìjíríà ti le sí i. Ẹ ka tuntun kí ẹ tó náwó.

Ará Ṣàgámù:
Ẹ ṣé gan-an. Ilé ìwé tó ti ṣe JSS3 yàtọ̀ sí ti SS ńkọ́?

Kóòṣì Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ gba ìwé ní méjèèjì, kí kálukú lu òǹtẹ̀ tirẹ̀, kó sì fi íìmeèlì ilé ìwé ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi fóònù yà kò ní wọlé.