Amúnisùn kọ́ ni melatonin

Ẹ̀gbọ́n wa ti Yábàá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá yín pé ká máa pe melatonin, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ní "amúnisùn" lédè Yorùbá dùn létí, ṣùgbọ́n eku ò jẹ́ kí n lè fọwọ́ sí i. Ara eku náà ń ṣe melatonin, òru ló sì máa ń pọ̀ lára tirẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òru gan-an ló ń jáde lọ jẹ̀. Iṣẹ́ tí èròjà yìí ń ṣe ni pé ó ń sọ fún gbogbo ara pé ilẹ̀ ti ṣú, kí kálukú wá ṣe ohun tó máa ń ṣe lóru.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní "akéde-òru". Ẹnì kan fèsì pé èèyàn nìkan là ń pè ní akéde. Ṣé amóhùnmáwòrán ń jẹ ẹ̀bà ni? Orúkọ òyìnbó rẹ̀ pàápàá ò mọ oorun rí: nígbà tí Aaron Lerner, oníṣègùn awọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale yọ ọ́ jáde látinú ẹṣẹ́ kékeré kan (ibi tí èròjà ara ti ń sun jáde) nínú ọpọlọ màlúù lọ́dún 1958, bó ṣe ń mú kí dúdú awọ àkèré dín kù ni wọ́n ń wò, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ní jímù kan ní Sùúrùlérè, mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé oògùn melatonin mì lọ́sàn-án gangan kó tó gbé irin, torí ẹni tó tà á fún un ní Ìdúmọ̀tà pè é ní "oògùn iṣan". Ló bá ń yán lórí bẹ́ǹṣì, títí kóòṣì fi gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. Melatonin ò fi agbára kún agbára. Ara ló ń mú tutù díẹ̀, tó sì ń mú kí oorun kun ojú èèyàn. Lóòótọ́, àwọn ìwádìí kan rí i pé ó ń dín àmì ìpalára kù nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn eré ìdárayá tó le, àmọ́ èsì wọn ò dọ́gba. Ẹni tó bá tètè pa fóònù lálẹ́ ti ṣe púpọ̀ fún iṣan rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ló ń pa akéde yìí lẹ́nu mọ́, inú oorun àsùnwọra sì ni họ́mónù ìdàgbàsókè, èròjà tó ń mú ara dàgbà, ti ń tú jáde jù.

Ẹ yọ "ìwòsàn iṣan" tí ẹ tún dábàá fún bí iṣan ṣe ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn eré náà kúrò, ẹ jọ̀ọ́. Iṣan tó ń ro èèyàn lẹ́yìn eré ò ṣàìsàn. "Ìkọ́fẹpadà" ni kí ẹ kọ. Kò sí ìyá ọlọ́jà tí ò ní gbọ́ ọ. Ní ti "iṣan" fúnra rẹ̀, tó ń ṣe ti ẹran, tó tún ń ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.