Iwin ni: èsì lórí orúkọ tí a ó pe elf

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí ìbéèrè ìyá wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bá wa lọ: wọ́n fẹ́ fi Elf, fíìmù Kérésì tó jáde ní 2003, han àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó lọ fún ọdún. Wọ́n fẹ́ pa ohùn rẹ̀, kí àwọn fúnra wọn máa sọ ìtàn náà ní Yorùbá bí àwòrán bá ṣe ń lọ. Tọmọdé-tàgbà ló lè jókòó wò ó, kò sí ibi tí èèyàn á ti fọwọ́ bo ọmọ lójú. Orúkọ fíìmù náà gan-an ló di wàhálà. Kí là ń pe elf, ẹ̀dá kéékèèké inú ìtàn Òyìnbó tó ń bá Bàbá Kérésì ṣiṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìlọrin ní egbére. Àbúrò wa tó wà ní Ifẹ̀ ní "ọmọọṣẹ́ Bàbá Kérésì". Ẹnìkan ní ká kúkú kọ ọ́ ní ẹ́lífù, kí oníkálukú lọ sùn. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi ẹni yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kì í ṣe ọ̀nà ọ̀lẹ. Àǹjọ̀nú tí a ń pè ní tiwa lónìí, ṣebí inú èdè Lárúbáwá ló ti gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá wọlé tọ̀ wá. Ohun tí mo rí sí ẹ́lífù ni pé ọmọ Peckham tó bá gbọ́ ọ kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ó ti mọ elf kó tó kúrò nílé.

Ọmọọṣẹ́ ló kọ́kọ́ wù mí. Ó mọ́, kò lẹ́rù, ó sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, Bàbá Kérésì sì ni ọ̀gá wọn. Inú ìtàn ló ti dojú rú. Ọmọ òrukàn kan tó ń jẹ́ Buddy rá wọ inú àpò Bàbá Kérésì lóru ọdún, ó bá wọn dé ìpẹ̀kun àríwá ayé. Àwọn elf tọ́ ọ dàgbà. Ó ga ju gbogbo wọn lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò yá nídìí iṣẹ́ wọn, síbẹ̀ kò fura, àfìgbà tó ṣèèṣì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì pé èèyàn lòun. Ìgbà yẹn ló gbéra, ó di New York, ó lọ wá bàbá tó bí i. Ẹ wá wò ó: bí elf bá jẹ́ ọmọọṣẹ́, kí ni ọkùnrin yìí gbọ́ pé òun kò jẹ́? Láti kékeré ló ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọmọọṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sídìí tó fi yẹ kó gbéra lọ ibì kankan. Irú ẹ̀dá ni elf inú fíìmù yìí, a bí wọn bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ tí a bá sọ wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn kò lè kọ́ṣẹ́ dà.

Mo rí i pé ẹnìkan fi aràrá há ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀. Rárá o. Èèyàn ni aràrá, ará ilé wa ni. Àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Peter Dinklage, òṣèré tó jẹ́ aràrá, ló ṣe òǹkọ̀wé tó wá ṣèpàdé ní ọ́fíìsì bàbá Buddy, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ọmọdé. Buddy tajú kán rí i, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn, ó ní elf bíi tòun ló dé. Ọkùnrin yẹn lù ú bí ẹni lu bàrà. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Buddy kò mọ̀ pé òun bú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó sọ kì í ṣòótọ́. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí aràrá, ó ti sọ òótọ́ nìyẹn, a sì ti kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tó kúrú kì í ṣe irú wa.

Egbére yege nínú ìdánwò yìí, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n wa. Ẹni tí a bá pè ní egbére lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ló máa fi dáhùn. Egbére kúrú, inú igbó ló ń gbé, ọmọdé sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹkún ńkọ́? Nílé wa, bí ọmọ bá ń sunkún tí kò nídìí, ìyá ìyá mi á ní, "Ṣé egbére ni ẹ́ ni?" Àwọn elf inú fíìmù yìí kò mọ ẹkún rárá. Ẹ̀rín àti orin ni tiwọn, súìtì sì ni oúnjẹ wọn, tí wọ́n bá fẹ́ yí i padà wọn á da omi ṣúgà sí i. Ẹní abẹ́ apá egbére tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá já ẹní yẹn gbà ló ń là, egbére á máa tẹ̀ lé e, á máa sunkún. Elf kì í dúró kí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ òun, òun ló ń ṣe é fún ọmọ tí kò rí rí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti pa àlọ́ egbére fún yóò kàn máa wá ẹní títí fíìmù á fi tán.

Iwin ni mo dúró lé.

Mo ti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa máa sọ, wọ́n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé: iwin burú, ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, kò sì yẹ ní ìtàn Kérésì. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí elf fúnra rẹ̀ ti wá. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àwọn oníṣègùn wọn kún fún oògùn tí a fi ń wo àìsàn tí elf dá síni lára. Àwọn ará Jámánì títí dòní, Albtraum ni wọ́n ń pe àlá burúkú, orúkọ ìbátan elf ló sì wà níwájú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbà wo wá ni elf di ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀kẹ́? Ní oṣù Kejìlá 1823, ìwé ìròyìn kan nílùú Troy ní ìpínlẹ̀ New York tẹ ewì kan jáde tó pe Bàbá Kérésì fúnra wọn ní elf, àgbàlagbà elf tínú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn elf ń di ẹmẹ̀wà Bàbá Kérésì díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà kò jù ú nù nítorí pé ó ń bani lẹ́rù. Ìtàn tuntun ni wọ́n fi tù ú lójú, ó sì rọ̀. Kí ló wá dé tí iwin tiwa kò fi lè rọ̀?

Ní ti ìjọ, inú Bíbélì wa ni iwin wà. Ẹ ṣí Mátíù orí kẹrìnlá, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti rí Jésù lórí omi, tí wọ́n kígbe pé iwin ni. Àṣìmọ̀ ni, bíi ti Buddy àti òǹkọ̀wé yẹn.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré là ń fà yìí, kó rántí pé wọ́n ti fà á rí láti òdìkejì. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká ń túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938 sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 1968, ó kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí èṣù tàbí òrìṣà rọ́pò àwọn ẹ̀dá inú igbó yẹn, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa gbé wá sọ́kàn òǹkàwé. Ó yí bí wọ́n ṣe ń kọ àwọn kan padà, ó sì dá òmíràn sílẹ̀, irú ghommid àti dewild. A ò gbọ́dọ̀ fi irú ìnira yẹn ṣeré, ṣùgbọ́n tiwa rọrùn ju tirẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n faramọ́ iwin jù lọ nìyí. Ẹ tẹ́tí sí "sínwín" dáadáa. Èmi gbọ́ iwin nínú rẹ̀, bóyá ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Buddy wọ New York pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé àti ṣòkòtò funtanfuntan tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá, ó sì ń yọ ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin jẹ. Kí ni ará ìlú rò pé ó ṣe é? Ọmọ tí iwin tọ́ ni, asínwín ni wọ́n ń wò. Èmi kò gbọ́ irú eléyìí nínú elf ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwa la ni ín lọ́fẹ̀ẹ́, a wá fẹ́ fi ẹ̀rù dà á nù?

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí orúkọ fíìmù náà jẹ́ Àgbàtọ́ Iwin.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò tó ìjà. Mo fara mọ́ "fíìmù àlọ́" fún irú eré tó kún fún ẹ̀dá àlọ́ bí eléyìí. Ohun funfun tó bo ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ má pè é ní yìnyín. Yìnyín ni èyí tó ń dún gbàgà lórí páànù, tí a máa ń ṣà jẹ ní kékeré. Òjò dídì ni Àìsáyà pe èyí tó funfun tí kò dún. Bàbá Kérésì, ẹ jọ̀ọ́, "wọ́n" ni kí ẹ máa lò fún wọn; nígbà tí Buddy bá fò sókè pé òun mọ̀ wọ́n, kó pariwo pé "Mo mọ̀ wọ́n!" kí àwọn ọmọ gbọ́ bí a ṣe ń pe àgbà.

"Ẹ̀mí Kérésì" tí ẹ fi tọ́ka sí ohun tó ń gbé ọkọ̀ Bàbá Kérésì fò, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Central Park, àwọn èèyàn kọrin, ó tún gbéra. Bí a bá ní ẹ̀mí ló gbé e, ìsọjí ni ọmọ máa rò pé òun ń wò. Pọ̀pọ̀ṣìnṣìn ọdún ni kí ọkọ̀ náà máa jẹ bí tiwa ṣe ń jẹ epo.

Ọkọ̀ yẹn gan-an ló kù, èyí tí kò ní táyà tí àgbọ̀nrín ń fà lójú ọ̀run. Ẹnìkan ti pè é ní ọmọlanke. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá òmíràn kó tó di ọjọ́ Sátidé.