Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé ẹ̀mí èṣù ni ọmọ mi ń kà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tofúnmi (London)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. Ó yá ìwé kan ní láíbìrì ilé ìwé wọn, Northern Lights, Philip Pullman ló kọ ọ́. Ọmọ tí a máa ń bẹ̀ kó tó ka ojú ìwé kan, ó ń gbé ìwé yìí wọ balùwẹ̀! Inú mi ń dùn lọ́wọ́ ni, àfi ní Sunday tó kọjá tí àǹtí kan rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Àǹtí yìí kì í ṣe ẹni tí mo lè fojú di. Ilé wọn ni mo sùn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, àwọn ni wọ́n sì gbọ́mọ náà jó lọ́jọ́ ìkómọ. Wọ́n gba ìwé, wọ́n ṣí i, wọ́n rí "daemon" ní gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an, ni wọ́n bá ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" lójú gbogbo ìjọ. Ọmọ mi sunkún dénú bọ́ọ̀sì.

Kílẹ̀ tó ṣú wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ẹni tó kọ ìwé yẹn kò gba Ọlọ́run gbọ́, wọ́n pa Ọlọ́run níparí rẹ̀, fíìmù rẹ̀ ń jáde lóṣù December, kí Kristẹni kankan má gbé ọmọ rẹ̀ lọ wò ó.

Bàbá ẹ̀ ní kí n dá ìwé padà kí ilé lè tòrò. Ọmọ náà sì ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ wo fíìmù ọ̀hún nílé àwọn àbúrò mi nígbà ìsinmi. Ṣé òótọ́ lohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ka ìwé yìí ni kó dá mi lóhùn. Àwọn tí kò kà á ti pọ̀ yí mi ká.

Bọ̀dá Láyí

Èmi ò kà á o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti fíìmù. December wo ló ń jáde? December 2007 ni wọ́n ti gbé e jáde! Ìkìlọ̀ tí àǹtí fi ránṣẹ́ sí yín dàgbà ju ọmọ yín lọ. Email ni wọ́n fi ń pín irú ẹ̀ kiri nígbà náà, kí ayé WhatsApp tó dé. Ẹnì kan kàn gbé e láti ibẹ̀ wá síbí láìka déètì.

Amẹ́ríkà ni ariwo yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Catholic League, tí Bill Donohue ń darí, ló ní kí àwọn Kristẹni má wo fíìmù The Golden Compass, èyí tí wọ́n fi ìwé yìí ṣe. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò sọ pé fíìmù fúnra rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn tó ṣe é ti yọ ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé ọmọ á gbádùn fíìmù, òbí á wá ra ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un ní Kérésìmesì, láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀kẹta.

Ọmọ Kátólíìkì (Toronto)

Bọ̀dá Láyí sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi. Ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Canada náà. Halton Catholic District School Board, àwọn tó ń bójú tó ilé ìwé Kátólíìkì ní Oakville àti Burlington, kó ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ láíbìrì wọn ní November 2007, nígbà tí ẹnì kan fẹjọ́ sùn.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé ohùn kan ni gbogbo Kátólíìkì fi sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì tó ń yẹ fíìmù wò fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kọ́kọ́ yìn ín, wọ́n ní òbí lè bá ọmọ jíròrò lórí rẹ̀. Ariwo pọ̀, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni L'Osservatore Romano, ìwé ìròyìn Vatican, bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù àti ẹni tó kọ ìwé. Inú ilé kan náà nìyẹn o.

Olùkọ́ (Leeds)

Ìyá Tofúnmi, ẹ kú àìsùn ọmọ. Mo ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti fi èkíní kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọmọ yín. N kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín.

Pullman kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi ṣe àṣírí. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà, ìyẹn ni pé inú Bíbélì ló ti dàgbà, ó mọ ohun tó ń bá jà. Ní 2003 ó sọ fún Sydney Morning Herald pé pípa Ọlọ́run ni ìwé òun dá lé. Apá ibẹ̀ yẹn nínú ọ̀rọ̀ àǹtí kì í ṣe irọ́.

Ìwé mẹ́ta ni: Northern Lights (1995), The Subtle Knife (1997), The Amber Spyglass (2000). The Golden Compass ni wọ́n ń pe èkíní ní Amẹ́ríkà, òun ni fíìmù sì mú jẹ́ orúkọ. Èkíní lọmọ yín ń kà. Nínú ayé ìwé yẹn, ọkàn èèyàn kì í gbénú ara, ìta ló wà, ní àwòrán ẹranko, tó ń bá a rìn, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní daemon. Ti Lyra, ọmọbìnrin inú ìtàn, ń jẹ́ Pantalaimon. Tí èèyàn bá ṣì kéré, tirẹ̀ á máa yíra padà: á di labalábá, á di ológbò. Tó bá bàlágà, ó dúró sórí ẹyọ kan títí ikú. Kì í gbé ẹ̀mí mìíràn wọ inú ẹnikẹ́ni, ẹni yẹn náà ni.

Àwọn tó ń fayé ni ọmọ lára níbẹ̀ ni Magisterium, ìjọ kan tó ń ṣàkóso gbogbo ayé wọn. Àwọn èèyàn wọn ń jí ọmọ gbé lọ sí ìlú yìnyín láti gé daemon kúrò lára wọn. Ibì kan wà tí Lyra ti rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti gé tirẹ̀, nínú ahéré tí wọ́n ń sá ẹja sí. Ọmọ náà fa ẹja gbígbẹ kan mọ́ àyà, ó rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni rọ̀ mọ́ daemon rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn àgbàlagbà já ẹja náà sọ́wọ́ ajá. Lyra bínú débi pé ó fi ọ̀bẹ kọ orúkọ daemon ọmọ náà sára owó wúrà, ó fi há a lẹ́nu kí wọ́n tó sun òkú rẹ̀. Mi ò tíì rí ọmọ kan tó ka ibẹ̀ tó wá sọ pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí èṣù. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń ṣe báyìí.

Níbi tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra sí: ìparí ìwé. (Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n ba adùn ìtàn jẹ́, kó fo ìpínrọ̀ yìí.) Roger, ọ̀rẹ́ Lyra, á kú, bàbá Lyra gan-an ni yóò sì fa ikú rẹ̀. Ẹ jókòó ti ọmọ nígbà tó bá kan ibẹ̀. Fíìmù 2007 gé ibẹ̀ kúrò, ó fi ìrètí parí, torí náà ẹni tó bá wo fíìmù nìkan kò ní mọ̀.

Ẹ sì bi ọmọ pé fíìmù wo. Ti 2007, tí Nicole Kidman àti Daniel Craig ṣe, wọ́n bo ọ̀rọ̀ ìjọ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà bínú. Ó ná wọn ní mílíọ̀nù 180 dọ́là, ó pa nǹkan bí mílíọ̀nù 70 péré ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì ṣe apá kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pawó dáadáa nílẹ̀ mìíràn. Ti BBC, eré tẹlifíṣọ̀n láti 2019 sí 2022, kò bo nǹkan kan. Ó lọ títí dé ìwé kẹta. Ọmọ ọdún 11 lè wo ti 2007. Ti BBC, ẹ jẹ́ kó ṣì dàgbà díẹ̀.

Ìyá Tofúnmi

Ẹ ṣeun gan-an sà. Ṣé òótọ́ wá ni pé wọ́n pa Ọlọ́run?

Olùkọ́ (Leeds)

Nínú ẹ̀kẹta, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Authority. Ìtàn náà ní áńgẹ́lì ló jẹ́, pé òun ló kọ́kọ́ dé, tó wá parọ́ fún àwọn tó tẹ̀lé e pé òun ló dá wọn. Ó ti gbó kùjọ́kùjọ́, inú àpótí kírísítálì ni wọ́n ń fi gbé e. Lyra àti Will, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣàánú rẹ̀, wọ́n ṣí àpótí, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ara tù, ó sì tú ká. Kò sẹ́ni tó gún un lọ́bẹ. Ẹ pè é ní ohun tó wù yín.

Rowan Williams, tó jẹ́ Archbishop of Canterbury nígbà náà, jókòó bá Pullman jiyàn ní National Theatre níbí ní March 2004, ó sì ní ìwé náà yẹ lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. Lójú tirẹ̀, ọlọ́run tó lè kú, tí agbára lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run tí àwa ń sìn.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin èèyàn Ìlú Ọba, ẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ká sọ fún ìyá mi àgbà pé ọkàn ẹnì kan wà lóde tó ń fò bí ẹyẹ! Kí wọ́n tó gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n á ti ní ẹ má sọ ọ́ lálẹ́.

Ẹ dákun, Fágúnwà ńkọ́? Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938, àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iwin, ẹbọra, àǹjọ̀nnú, gbogbo wọn ló kún inú ẹ̀, ilé ìwé ìjọ ni bàbá mi ti kà á, wọ́n sì di ọmọ ìjọ títí di òní. Irúnmalẹ̀ tiwa ò ba wọ́n jẹ́, daemon ló wá fẹ́ ba ọmọ London jẹ́.

Mummy Pásítọ̀ (Birmingham)

Ìyá Ìbejì, ẹ má dàpọ̀ mọ́ra wọn. Fágúnwà kì í kọ ojú ìwé mẹ́ta kó má dárúkọ Ọlọ́run pẹ̀lú ọlá. Iwin rẹ̀ mọ ipò ara rẹ̀. Kì í ṣe ti iwin ni mò ń wí, ibi tí ìtàn ń fà ọmọ lọ ni mò ń wí.

Mo ka èkíní, mo dá a dúró níbẹ̀. Ohun tí mo rí rèé. Lyra ní ohun èlò wúrà kan, alethiometer, àwòrán 36 ló wà yí i ká. Á yí ọwọ́ mẹ́ta sí àwòrán mẹ́ta láti fi bèèrè ọ̀rọ̀, ọwọ́ kẹrin á máa rìn, á fi dáhùn. Ẹ ka Deuterónómì 18:10, kẹ́ ẹ sọ fún mi ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn. Àjẹ́ inú ìwé náà, Serafina Pekkala, olùrànlọ́wọ́ ọmọ ni. Ìjọ nìkan ló burú tán pátá. Àlùfáà rere kan ṣoṣo, mi ò rí. Ọmọ ọdún 11 tó ń gbọ́ irú èyí léraléra ní ilé ìwé, tí yóò tún wá jókòó sí Sunday school, ṣé kò ní máa wò wá tìfura-tìfura?

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ sun ìwé o. Ohun tí àǹtí ṣe fún ọmọ yẹn lójú ìjọ, kò dáa, mo sì ń bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "kò tíì tó àkókò." Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ yín di ará oko.

Olùkọ́ (Leeds)

Ọ̀rọ̀ Mummy Pásítọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ní pàtàkì lórí àlùfáà rere. Èmi náà wá ọ̀kan títí, mi ò rí i, ó sì jọ pé ìkùdíẹ̀-káàtó òǹkọ̀wé ni. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn ni pé ọmọ yìí ti wà láàárín ìwé. Gbígbà á lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kí ó má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá.

Alhaji (Manchester)

Gbogbo ohun tí ẹ ń wí, ó kàn wá náà. Ọmọ mi kà á lọ́dún tó kọjá. Mo bi í pé kí ló rí kọ́. Ó ní òun fẹ́ béárì tó ń wọ aṣọ irin. Mo ní ó dáa. Ẹ ṣáà má gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ti dójú tì ní gbangba. Orí fóònù ni yóò ti kà á parí, ẹ̀yin ò sì ní mọ ibi tó dé.

Ìyá Tofúnmi

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ á parí èkíní, èmi náà á sì kà á, mo ti ń tẹ̀ lé e ní alaalẹ́, mo ti dé ibi tí Lyra ti wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn gyptian, àwọn tó ń gbé lórí omi. Fíìmù, ti 2007 nìkan. Ìwé kejì àti ẹ̀kẹta, kò tíì tó àkókò, bí Mummy Pásítọ̀ ṣe wí, ó di ìgbà tó bá pé 14. Inú rẹ̀ ò dùn sí apá yẹn.

Àǹtí ló kù báyìí. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, mi ò gbé e. Kí ni kí n sọ fún wọn tí kò ní dà bí àfojúdi?

Mummy Pásítọ̀ (Birmingham)

Ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ gbé ọmọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ lọ kí wọn nílé lọ́jọ́ Saturday, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ dáadáa. Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n ń gbàdúrà lé ọmọ yín lórí. Kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ ti yẹ ìwé náà wò, ẹ ti ṣe ìpinnu. Ẹ má mú ìwé dání o. Kẹ́ ẹ sì ti sọ fún pásítọ̀ yín kó tó di Saturday, nítorí àǹtí á ti sọ tiwọn.

Bọ̀dá Láyí

Ẹ bá mi sọ fún wọn pé fíìmù yẹn ti jáde.